Yẹtí Fáòsíátù

Ní ọjọ́ Iléyá, lọ́dún tí ogun abẹ́lé parí, Làtífù oníbúlọ́ọ̀kù parọ́ mọ́ ọmọ rẹ̀ lójú títì ní Ọ̀jọ́. Kò jókòó gbèrò irọ́ náà. Ńṣe ló já lẹ́nu rẹ̀ bí okùn ṣe ń já lọ́rùn àgbò. Kí olówó ẹran tó mọ̀, ẹran ti wọ oko olóko, ó sì ti ba ọ̀gbìn jẹ́.

Ó ti ti Yídì dé kí ẹnikẹ́ni tó retí rẹ̀, nítorí àgbò tó so mọ́ ẹ̀yìnkùlé. Inú rẹ̀ ń dùn, ó ń pariwo pé kí wọ́n gbé ọ̀bẹ wá. Ó ká aṣọ ẹnu ọ̀nà yàrá sókè, ó sì dúró gbagidi. Fáòsíátù ìyàwó rẹ̀ jókòó lórí àpótí. Jẹ̀lílì, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, tí irùngbọ̀n kò tíì hù lágbọ̀n rẹ̀, jókòó sílẹ̀ níwájú ìyá rẹ̀, ó ró ìró àdìrẹ, ìyá náà sì rọra ń fi yẹtí wúrà bọ ihò etí ọmọ.

Yẹtí yìí kì í ṣe ohun tí a rà lọ́jà. Ìyá Fáòsíátù ló bọ́ ọ létí ara rẹ̀ fún un lọ́jọ́ tó ń lọ ilé ọkọ. Ìyá tó bí ìyẹn ló sì kọ́kọ́ ni ín. Nínú ẹbí wọn l'Ọ̀yọ́, ọmọbìnrin nìkan ló ń gba yẹtí náà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Ọkùnrin kì í jogún rẹ̀, kì í tilẹ̀ bá wọn dá sí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Làtífù kì í ṣe òmùgọ̀. Ohun tó rí yé e lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Fáòsíátù kò fi ọmọ ṣeré. Ó ń sọ fún ọmọ náà, láìlanu, pé: mo mọ̀ ọ́, ọmọbìnrin mi ni ọ́.

Ó fa ọmọ náà jáde bó ṣe wà. Ilé Ààfáà tó ń kọ́ ọ ní kéwú ló ń wọ́ ọ lọ, kí wọ́n nà án, kí wọ́n sì gbàdúrà lé e lórí. Ṣùgbọ́n ọjọ́ Iléyá ni, gbogbo ayé wà níta. Ládépọ̀ káfíńtà, aládùúgbò wọn, ló kọ́kọ́ dúró sí ojú ọ̀nà.

"Bàbá Jẹ̀lílì, ẹ ṣe sùúrù! Kí lọmọ ṣe? Kí ni mò ń rí létí rẹ̀ yẹn?"

Ìbéèrè náà ló pa Làtífù. Ó wo ìró tó wà nídìí ọmọ, ó wo yẹtí, ó wo gbogbo ojú tó yí i ká. Bó bá sọ òótọ́, kí ni yóò pè é? Kò ní orúkọ fún un.

"Olè ni!" ló jáde lẹ́nu rẹ̀. "Ó jí yẹtí ìyá rẹ̀!"

"Olè! Lọ́jọ́ Iléyá!" Ládépọ̀ ti di apá ọ̀tún ọmọ náà mú. "Ẹ ò rí i bó ṣe múra bí obìnrin, kó lè ríbi sá lọ?"

Àwọn gìrìpá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Wọn kò gba ilé Ààfáà mọ́, tẹ́ṣàn ọlọ́pàá ni wọ́n forí lé, Làtífù sì ń tẹ̀lé wọn bí ẹni tí omi ń gbé lọ. Nígbà tí Fáòsíátù sáré dé, kò sí gèlè lórí rẹ̀. Ọlọ́pàá na yẹtí sí i.

"Ìyá, tiyín nìyí?"

"Tèmi ni."

"Ẹ̀yin lẹ fún un?"

Làtífù gba ọ̀rọ̀ náà kí ó tó dé ẹnu rẹ̀. "Sọ fún wọn, Fáòsíátù. Sọ lójú gbogbo èèyàn pé ìwọ lo fi yẹtí ìyá ẹ sétí ọmọkùnrin. Sọ ọ́, à ń gbọ́!"

Fáòsíátù wo àwọn èrò tó kún ẹnu ọ̀nà. Ó la ẹnu, ó sì pa á dé. Jẹ̀lílì wo ìyá rẹ̀, ó wo bàbá rẹ̀. Kò sunkún. Wọ́n gbé e dé iwájú adájọ́, wọ́n sì rán an lọ sí ilé àtúnṣe ọmọ fún ọdún méjì.

Ohun tó tún ń ti Làtífù lójú jù, tí kò sì lè sọ fún ẹnikẹ́ni, ni pé ara tù ú. Àwọn aládùúgbò wá kí i. Wọ́n ní kó mú un mọ́ra, wọ́n ní a kì í yan ọmọ lọ́jà. Olè ní orúkọ; kò sí agbo ilé tí kò ti yọ ọ̀kan rí. Bàbá olè lè jókòó láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀, kí wọ́n mi orí fún un, kí wọ́n sì bu omi fún un mu. Ṣùgbọ́n bàbá ọmọkùnrin tó lóun kì í ṣe ọmọkùnrin, báwo ni wọ́n ṣe ń kí i? Làtífù gba ìkíni pẹ̀lẹ́ tí kò tọ́ sí i, ó sì sùn lé e lórí.

Lẹ́yìn èyí ni owó epo rọ̀bì dé. Ẹni tó ń gbé ilé alámọ̀ fẹ́ kọ́ ilé olókè, ṣọ́jà ń kọ́lé, akọ̀wé ń kọ́lé, wọ́n sì ń la ọ̀nà ńlá lọ sí Bádágírì. Simẹ́ńtì ń wọlé bí òjò. Làtífù kó kúrò ní Ọ̀jọ́, ó gba ilẹ̀ gbàràmù ní Òkókómáíkò, ó ń tẹ búlọ́ọ̀kù níbẹ̀ lọ́sàn-án lóru, ó sì kọ́ ilé tirẹ̀ síwájú ilẹ̀ náà. Àwọn èèyàn ń pè é ní Alhájì kó tó lọ Mẹ́kà.

Nígbà tí Jẹ̀lílì jáde nílé àtúnṣe, Àsánì, àbúrò Làtífù, tó ń wa típà yanrìn, ló lọ gbà á, tó sì mú un lọ sí ilé rẹ̀ ní Ìbà. Làtífù gbọ́, ó sì fi Àsánì sínú. Ẹni tó mọ Làtífù mọ̀ pé kì í gbàgbé ọ̀ràn: ó ṣì ń bá ọkùnrin kan tó ṣẹ́ ẹsẹ̀ adìẹ rẹ̀ nígbà tí òyìnbó ṣì wà lórí oyè yan odì. Bí Àsánì bá dúró ní sàfù iwájú lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀, Làtífù á kó bàtà rẹ̀ lọ sẹ́yìn. Ó ń ra yanrìn lọ́wọ́ àjèjì, yanrìn tó kún fún ìdọ̀tí, kí ó má baà ra ti àbúrò rẹ̀.

Fáòsíátù ní tirẹ̀ kò jà. Ọlọ́pàá dá yẹtí náà padà fún un, ó dì í sínú aṣọ, ó gbé e lọ fún ọmọ náà ní Ìbà, kò sì fi yẹtí mìíràn sétí mọ́. Igi ìgbálẹ̀ tín-ín-rín ló fi dí ihò náà. Ìyàwó Alhájì oníbúlọ́ọ̀kù, tó lè ra wúrà bó bá ṣe fẹ́, ń fi igi ìgbálẹ̀ sétí lọ síbi ìsọmọlórúkọ. Bí àwọn obìnrin bá béèrè, á ní, "Ẹ bi Bàbá Jẹ̀lílì." Kò sì sí ẹni tó jẹ́ bi í.

Ní ọjọ́ Sátidé, á lọ sí Ìbà. Bó bá ń padà bọ̀, irun rẹ̀ á ti di, òwú dúdú á máa dán lórí rẹ̀, ojú irun á tò gbọọrọ bí ebè. Làtífù mọ ẹni tó di í. Gbogbo Ìbà mọ Títílayọ̀ onídìrí tó ń jókòó sábẹ́ igi lọ́nà Igbó-Elérin, tí àwọn ìyàwó ṣọ́jà ń ti bárékè wá bá. Títílayọ̀ ni Jẹ̀lílì sọ ara rẹ̀, orúkọ náà sì ti mọ́ gbogbo wọn lẹ́nu. Làtífù á dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyàwó rẹ̀, á máa wo iṣẹ́ ọwọ́ ọmọ rẹ̀ níwájú rẹ̀ gan-an lórí ìrọ̀rí. Kò béèrè rí.

Ọdún keje lẹ́yìn Iléyá náà ni Àsánì wọ ọgbà búlọ́ọ̀kù láàárọ̀ ọjọ́ kan pẹ̀lú típà òfìfo. Làtífù ń wọ́n omi sí búlọ́ọ̀kù àná kí wọ́n má baà là. Kò bojú wẹ̀yìn.

"Bọ̀dá, ẹ káàárọ̀."

Omi ń dà.

"Mo ní ẹ káàárọ̀. Bí ẹ ò bá dáhùn, búlọ́ọ̀kù á dá mi lóhùn. Ó jọ pé òun ló rọ̀ jù nínú ẹ̀yin méjèèjì."

"Ta ló pè ọ́ wá síbí?"

"Wọ́n ti ti Títílayọ̀ mọ́lé."

"N ò mọ ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀."

"Ẹ mọ̀ ọ́n. Irun tó wà lórí ìyàwó yín, ẹ mọ ọwọ́ tó di í."

Làtífù gbé garawa sílẹ̀. Àsánì ro ọ̀rọ̀ náà fún un. Káńsù fẹ́ fún àwọn tí ọ̀nà tuntun ba ìsọ̀ wọn jẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù, igi Títílayọ̀ sì wà lára ohun tí katakata wó lulẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n ní orúkọ tí òfin mọ̀ ni àwọn máa kọ. Títílayọ̀ wá lọ sí kóòtù láti búra pé Jẹ̀lílì lòun ń jẹ́ tẹ́lẹ̀, Títílayọ̀ lòun ń jẹ́ báyìí.

"Kí ló burú níbẹ̀?" Àsánì ní. "Ojoojúmọ́ làwọn èèyàn ń ṣe é. Ẹni tó ń jẹ́ Kárímù lánàá, Kirisitófà ni lónìí, wọ́n sì ń bá a yọ̀. Àfi bí Ládépọ̀ yín ṣe wà lórí àkàbà, tó ń tún fèrèsé kóòtù ṣe. Ó wo ìsàlẹ̀, ó ní, 'Háà! Ọmọ Làtífù tó jí yẹtí kọ́ nìyí?' Ọlọ́pàá gbá a mú. Wọ́n ní olè tó ń fi aṣọ obìnrin àti orúkọ tuntun bo ara rẹ̀ ni, pé ìbúra èké ló wá ṣe kó lè fi gba ṣọ́ọ̀bù káńsù."

"Kí ni adájọ́ wí?"

Àsánì wò ó dáadáa. Láti ọdún méje, ìbéèrè àkọ́kọ́ tó bi nípa ọmọ náà nìyẹn.

"Adájọ́ ní bí kò bá jí nǹkan rí, kò sí ẹjọ́ kankan níbẹ̀, èèyàn lè jẹ́ orúkọ tó wù ú. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ olè lóòótọ́, ẹ̀wọ̀n ni. Ẹ̀wọ̀n ọkùnrin ni wọn yóò sì jù ú sí, Bọ̀dá. Ẹ̀yin náà lè ronú ohun tí ojú rẹ̀ máa rí níbẹ̀. Ọ̀la ni ìdájọ́."

Fáòsíátù ti jáde sẹ́nu ọ̀nà. Ó ti mọ̀; ojú rẹ̀ wú.

"Mo ti lọ sí tẹ́ṣàn," ó ní. "Mo ní èmi ni mo fún un. Ọlọ́pàá rẹ́rìn-ín. Ó ní ìyá wo ni kò ní purọ́ gba ọmọ rẹ̀ sílẹ̀? Ó ní nígbà tí wọ́n bi mí lọ́jọ́ náà, kí ló dé tí mo dákẹ́? Ẹnu tí mo pa dé lọ́jọ́sí, wọn ò jẹ́ kí n là á mọ́." Ó nu ojú. "Bàbá Jẹ̀lílì, ẹ̀yin lẹ fẹjọ́ sùn. Láti ọjọ́ yẹn, mi ò tíì bẹ̀ yín ní nǹkan kan. Mi ò ní bẹ̀ yín lónìí. Ohun tí ẹ fojú yín rí ni kẹ́ ẹ sọ."

"Kí n wá dúró ní kóòtù, kí n máa sọ fún aráyé pé ọmọ mi..."

"Pé ọmọ yín ò jalè," Àsánì ní. "Ìyókù, aráyé ti rí i. Orí wọn ló ń dì."

Làtífù lé e jáde kúrò nínú ọgbà. Ṣùgbọ́n nígbà tí oòrùn yí, ó wẹ̀, ó wọ aṣọ tó mọ́, ó ra búrẹ́dì lọ́nà, ó sì gba tẹ́ṣàn lọ láìsọ fún ẹnì kankan.

Ọlọ́pàá tó wà lórí káńtà béèrè ẹni tó wá wò. Ó ní, "Jẹ̀lílì." Ọlọ́pàá náà bojú wẹ̀yìn, ó kígbe: "Madáàmù! Àlejò ti dé fún un yín o!" Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì fi ẹ̀rín dá a lóhùn.

Ẹni tí wọ́n mú jáde ga ju bí Làtífù ṣe rò lọ. Bùbá rẹ̀ ti ya léjìká. Ojú Fáòsíátù ni, imú Fáòsíátù ni. Wọ́n ti gé irun rẹ̀ ní ìgékugèé, awọ orí ń hàn níhìn-ín, irun ṣẹ́kù lọ́hùn-ún.

"Ẹ káàsán, Bàbá."

Ọ̀rọ̀ tó ti tò sílẹ̀ lọ́nà fò lọ lórí Làtífù. "Ta ló gé irun ẹ?"

"Àwọn ni. Wọ́n ní kí n lè jọ ọkùnrin lójú adájọ́."

Inú bí Làtífù, ṣùgbọ́n ìbínú náà kò ríbi jókòó sí. Ó fẹ́ bínú sí ọlọ́pàá, ó sì rántí ẹni tó kọ́kọ́ fi ọmọ náà lé ọlọ́pàá lọ́wọ́. Ó na búrẹ́dì sí i. Títílayọ̀ gbà á, ó dúpẹ́, kò jẹ ẹ́.

"Kí lo fẹ́ kí n sọ fún wọn?"

"Pé mi ò jalè."

"Ìyẹn nìkan?"

"Ìyẹn nìkan. Bí ẹ ò bá lè pè mí ní Títílayọ̀, mo ti gbà bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá ní ẹ ò bí irú mi, ẹ̀yin lẹ lẹnu yín. Ṣùgbọ́n ní ilé àtúnṣe yẹn, Bàbá, bí abọ́ bá sọnù, èmi ni. Bí ọṣẹ bá dín, èmi ni. Wọ́n á nà mí, màá sì máa pariwo pé, ẹ lọ bi bàbá mi, wọ́n mọ̀ pé mi ò jí nǹkan kan. Mo rò pé ẹ ń bọ̀ wá sọ ọ́. Ojoojúmọ́ ni mò ń wo géètì." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ̀rín tí kò dé ojú. "Ọmọdé ò gbọ́n."

Làtífù fẹ́ sọ pé pẹ̀lẹ́. Ọ̀rọ̀ kékeré ni; ó máa ń sọ ọ́ fún ẹni tó bá kọsẹ̀ lójú ọ̀nà. Ó dúró, ó tún fìlà rẹ̀ dé, ó sì jáde.

Kóòtù kún láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ìròyìn ti lọ pé ẹjọ́ ọkùnrin tó lóun jẹ́ obìnrin ni wọ́n fẹ́ dá. Làtífù rí àwọn tó ń ra búlọ́ọ̀kù lọ́wọ́ rẹ̀ níbẹ̀, ó rí Lèmọ́mù wọn, ó rí àwọn ìyàwó ṣọ́jà tí irun wọn dì rekete, tí wọ́n jókòó lójú kan náà tí wọn kò bá ẹnikẹ́ni rẹ́rìn-ín. Fáòsíátù àti Àsánì jókòó sí iwájú. Kò lọ bá wọn. Ẹ̀yìn ló jókòó sí, lẹ́bàá ògiri.

Òyìnbó ni adájọ́ ń sọ, ògbufọ̀ kan sì ń túmọ̀ rẹ̀. Wọ́n pe Ládépọ̀. Ó ti wọ aṣọ tó dára jù lọ nílé rẹ̀.

"Olúwa mi, èmi gan-an ni mo di apá ọ̀tún rẹ̀ mú lọ́jọ́ náà," ó ní. "Bàbá rẹ̀ ló fẹnu ara rẹ̀ pè é lólè. Ẹ tiẹ̀ rò ó wò. Bàbá wo ló máa purọ́ olè mọ́ ọmọ tó bí? Àfi bí bàbá náà bá ya wèrè!"

Ilé kóòtù bú sẹ́rìn-ín. Làtífù náà rí i pé ẹnu òun fẹ́ rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn, gẹ́gẹ́ bí èèyàn ṣe ń ṣe nígbà tí gbogbo èèyàn bá ń rẹ́rìn-ín, ojú sì tì í débi tí ó fi di ìjókòó mú.

Adájọ́ béèrè bóyá bàbá náà wà níbẹ̀. Fáòsíátù kò bojú wẹ̀yìn. Ó ṣeé ṣe fún Làtífù láti jókòó síbẹ̀ jẹ́ẹ́. Ẹnu ọ̀nà kò jìnnà sí i. Ó dìde.

Wọ́n fún un ní Kùránì, ó búra. Ògbufọ̀ sọ fún un pé adájọ́ ní kó mọ̀ pé ẹni tó bá parọ́ mọ́ ènìyàn níwájú ọlọ́pàá, òfin lè mú òun náà. Ó ní òun gbọ́.

"Ṣé ọmọ yìí jí yẹtí ìyá rẹ̀?"

Làtífù gbọ́ tí ẹnì kan wúkọ́. "Ó ti pẹ́," ó ní. "Ọjọ́ Iléyá ni. Ó ṣeé ṣe kí ojú mi má ríran dáadáa. Inú yàrá ṣú díẹ̀."

Ògbufọ̀ túmọ̀ rẹ̀. Adájọ́ bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó sì sọ gbólóhùn kúkurú kan.

"Adájọ́ ní, ṣé ẹ ṣàṣìṣe ni, àbí ẹ parọ́?"

Èyí ni ọ̀nà tó rọrùn. Àṣìṣe kò ní ìtìjú. Gbogbo èèyàn ló ń ṣe é. Bó bá ní àṣìṣe lòun ṣe, bóyá wọn yóò tú ọmọ náà sílẹ̀, bóyá wọn kò ní tú u sílẹ̀, ṣùgbọ́n òun yóò lè jókòó nílé Lèmọ́mù lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀. Ó wo orí tí wọ́n gé irun rẹ̀ ní ìgékugèé nínú àpótí ẹlẹ́jọ́. Títílayọ̀ kò wò ó. Ilẹ̀ ló ń wò, bí ẹni tí kò tún retí nǹkan kan láti ẹnu géètì.

"Kì í ṣe àṣìṣe," Làtífù sọ nínú ọ̀fun.

"Ẹ sọ̀rọ̀ sókè, Bàbá. Adájọ́ ò gbọ́, èmi náà ò gbọ́."

"Mo ní kì í ṣe àṣìṣe. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo fi ojú méjèèjì rí i. Ìyá rẹ̀ ló fún un. Ìyá rẹ̀ ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ fi í sí i létí, bí ìyá ṣe ń fún ọmọbìnrin rẹ̀. Ojú ló tì mí. Mo rò pé ó sàn kí wọ́n pè é lólè."

Ariwo sọ nínú kóòtù. Ládépọ̀ ń pariwo pé, "Kí lẹ sọ? Kí ni Alhájì sọ?" Ọlọ́pàá ń lu tábìlì pé kí wọ́n dákẹ́. Ògbufọ̀ na ọwọ́ sí i, ó ní, "Ẹ tún un sọ, Bàbá. Wọn ò jẹ́ kí n gbọ́ ìparí rẹ̀."

Làtífù di igi iwájú rẹ̀ mú. Ó yí ojú kúrò lọ́dọ̀ adájọ́, ó kọjú sí gbogbo wọn, sí Lèmọ́mù, sí àwọn tó ń ra búlọ́ọ̀kù, sí Àsánì, sí ìyàwó rẹ̀, ó sì kígbe bí ẹni tó ń pe èèyàn láti òdìkejì odò:

"Títílayọ̀ ò jalè rí! Èmi ni mo parọ́ mọ́ ọmọ mi!"